Gbókó-gbókó lábẹ́ ọkọ̀: ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ bọ́ṣìn

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti dàgbà. Tèmi pọ̀, ṣùgbọ́n ti bọ́ṣìn, rọ́bà kékeré tó wà níbi tí ẹsẹ̀ táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀, ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló gba owó ọdún lọ́wọ́ mi.

Golf 3 ni mo ń wà, ẹlẹ́yìn gígùn, ti ọdún 1996. Búrẹ́dì ni mo fi ń kó. Aago márùn-ún ìdájí kì í bá mi nílé: mo ń já búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ọ̀ṣú, mo ń já a sílẹ̀ ní Iléṣà, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án mo ti padà sí Lágere.

Ariwo yẹn kò bẹ̀rẹ̀ bí ariwo gidi. Lójú títì tó tẹ́jú, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá gun búḿpù, gbókó. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá tẹ bírèkì, gbókó mìíràn, bíi pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní páànù búrẹ́dì ni. Mo fi àkísà àǹkárá dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún gbéra. Gbókó.

Nígbà tó yá, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ ìwà tirẹ̀. Bí mo bá tẹ bírèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ á fà mí sọ́wọ́ òsì bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ lódìkejì títì. Fọkanáísà kan ní Mayfair ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó tú táyà, ó yí i sí mi: ẹ̀gbẹ́ inú ti jẹ dé wáyà, ẹ̀gbẹ́ ìta ṣì dà bí tuntun. Ó ní, "Ìyá, táyà kọ́ ló ń dà yín láàmú o. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ló wọ́."

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀kù ni. Mo ra méjì. Gbókó. Ìkejì ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Mo ra méjì. Gbókó. Mi ò bú wọn, àwọn náà ń táràrà nínú òkùnkùn ni, ṣùgbọ́n owó mi ni wọ́n fi ń ṣe àtùpà.

Bàbá kan ní Ìlódè ló rí i. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, kó tẹ bírèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó fi jíà síwájú díẹ̀, kó tún fi sí rìfáàsì. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wo táyà yẹn." Mo bẹ̀rẹ̀. Táyà ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀, ó tó ìbú ìka kan. Ìgbà yẹn ló wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ki irin gbọọrọ sáàárín áàmù àti ara ọkọ̀, ó gbé e sókè díẹ̀. Rọ́bà náà lanu bí ẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bọ́ṣìn kò ju òrùka irin méjì lọ, ọ̀kan nínú èkejì, tí wọ́n lẹ rọ́bà sáàárín wọn. Áàmù ni irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, bọ́ṣìn kì í yí bíi bíárìn. Rọ́bà yẹn ló ń lọ́ tó sì ń padà sípò. Òun náà ló ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà kó má bàa dé ìdí wa. Nínú Golf tèmi, méjì ló wà lára áàmù kọ̀ọ̀kan níwájú: ọ̀kan dùbúlẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nàró. Mẹ́rin lápapọ̀. Gbogbo wọn ló ti kú.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Bàbá ní ẹ̀rọ tí òun fi ń tẹ bọ́ṣìn wọlé wà lọ́dọ̀ aláwẹ́dà, kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta! Ta ni yóò bá mi gbé búrẹ́dì? Mo ra bọ́ṣìn mẹ́rin, mo wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́nà Ẹdẹ. Wọ́n yọ áàmù, wọ́n dáná sun rọ́bà àtijọ́ (èéfín dúdú yẹn, aṣọ mi gbọ́ òórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan), wọ́n fi òòlù lu ìyókù jáde. Wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí tuntun kó lè yọ̀, wọ́n tún fi òòlù lù ú wọlé. Wọ́n dá áàmù padà, wọ́n mú gbogbo nọ́ọ̀tì le dan-in dan-in. Jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè nígbà náà, ẹsẹ̀ táyà méjèèjì ń rọ̀ dirodiro. Mo rí i o. Mi ò mọ ohun tí mo rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó mímu.

Oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin péré, gbókó.

Mo padà sí Ìlódè pẹ̀lú ojú tì mí. Bàbá kò bá mi wí. Ó tú áàmù, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Àwọn tó dùbúlẹ̀ níwájú ti ya. Lọ́tùn-ún àti lósì, bí wọ́n ṣe ya kò yàtọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fún aṣọ. Ó ní, "Ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà lófuurufú ni wọ́n mú nọ́ọ̀tì yìí le." Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní kí n lóṣòó. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ Ìyá, ẹ lóṣòó, kí ẹ wá di ìró yín mọ́dìí gírígírí. Ó dáa. Ẹ dìde. Ẹ máa rìn lọ sí Ọ̀ṣú bẹ́ẹ̀."

Mo dìde. Ìró fún mi nítan.

Nọ́ọ̀tì ló ń di òrùka inú mọ́ ara ọkọ̀. Ibi tí áàmù bá wà nígbà tí ẹ mú un le, ibẹ̀ ni rọ́bà á kà sí ibi ìsinmi. Bí ẹ bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, áàmù á gòkè, rọ́bà á sì lọ́. Ẹ gúnlẹ̀ sílé, ẹ lọ sùn, ó ṣì ń lọ́. Ẹ wá gbé e bọ́ sínú kòtò ọ̀nà Iléṣà.

Bí òun ṣe ṣe tirẹ̀ nìyí. Ó fi ẹ̀rọ tẹ ti àtijọ́ jáde, kò sun ún. Kí ó tó yọ èyí tó nàró, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára áàmù, torí ojú méjì wà lára rọ́bà náà tí kò gbọdọ̀ kọjú síbòmíràn. Omi ọṣẹ ló fi pa tuntun kó lè yọ̀ wọlé, kì í ṣe ọ́ìlì. Ó fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé lásán, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí kòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè jókòó dáadáa, ó ní kí n wọlé jókòó níbi tí mo máa ń jókòó. Ìgbà yẹn ló tó wọ inú kòtò lọ mú un le. Ọjọ́ kan náà ni mo lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí wọ́n tún ẹsẹ̀ táyà tò kó gún. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Ìyá, ẹ kú ìnáwó o. Peugeot 504 ni èmi ń wà ní tèmi, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ọkọ̀ yẹn mọ ọ̀nà ilé ju èmi lọ.

Nígbà tí bọ́ṣìn stabilizer mi (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù ní kọ́nà) jẹ, mi ò ra tuntun. Ọkùnrin kan wà tó ń gé táyà ògbólógbòó sí oríṣiríṣi nǹkan, bàtà, okùn, ohun ìfami. Mo mú àpẹẹrẹ lọ bá a, ó gbẹ́ méjì fún mi lójú ẹsẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wà á! Ìyàwó mi sọ pé láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ bá tẹ òkúta, eyín òun ló ń mọ̀ ọ́n. N kò ní purọ́, ó le. Ṣùgbọ́n kò dún.

Ìgbà tí mo wá ya ọlọ́lá, tí mo ní kí n ra ojúlówó, ẹni tó tà á fún mi tà èyí tí ihò rẹ̀ tóbi ju irin mi lọ. Ó ní òun kì í gba ọjà padà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, baba mi ṣe òṣómàáló dé Òkè Ọya. Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí oorùn tó wọ̀, owó mi ti wà lápò mi.

Mẹkáníìkì, Modákẹ́kẹ́

Ẹ káàsán, Ìyá. Òótọ́ pátápátá ni bàbá Ìlódè sọ fún yín, èmi náà á fẹ́ kí ó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i yẹn náà jẹ̀bi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti gíríìsì dúdú máa ń mú rọ́bà wú, á wá di rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tó gbé omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé bí ọ́ìlì bá ń jò láti ẹ́ńjìnì sórí áàmù, kí wọ́n kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò kí wọ́n tó ra bọ́ṣìn.

Tíṣà, ẹ má bínú sà, stabilizer kì í ṣe áàmù. Ẹ lè fi táyà ṣe ti stabilizer kí ẹ sì jẹ̀gbádùn. Ẹ má dán an wò lára áàmù, torí òun ló di táyà mú.

Kí n wá sọ tèmi. Oníbàárà á wá, á ní ọwọ́ òsì ló ń dún, ọwọ́ òsì nìkan ni kí n ṣe. Mo ṣàlàyé títí pé ká ṣe ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní owó ni mò ń wá. Mo ṣe ọwọ́ òsì. Oṣù kejì, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ kiri Sábó pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ọmọ OAU

Èmi ò ní sùúrù yín. Toyota Camry, èyí tí wọ́n ń pè ní pencil light, ni tèmi. Mo ra odindi áàmù tòkúnbọ̀ méjì, bọ́ṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti wà lára wọn, mo ní mo ti gbọ́n. Nígbà tí mo délé ni mo tó tẹ̀ ẹ́: rọ́bà ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ọjọ́ orí tirẹ̀ àti ti èyí tí mo tú sọnù, ọgbọọgba ni.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kí Ìyàwó fún mi, ẹ ní kí wọ́n máa fara mọ́ ọn.

Àwọn tó ń béèrè bóyá ọkọ̀ mi ṣì ń dún: ó ń dún. Láàárọ̀ yìí, láti Lágere dé Ọ̀ṣú, wọnran-wọnran-wọnran lẹ́yìn mi. Páànù búrẹ́dì ni. Mo ti tú àkísà kúrò lára wọn.