Ìwé ìtàn tí mò ń kà ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òǹkàwé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n ò ní fàájì mìíràn ju ìwé ìtàn lọ. N kì í lọ òde àríyá, n kì í wo fíìmù àwọn ará Kòríà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi òru wò. Bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ ilé tán, ìwé ni. Ọkọ mi mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi. Òun gan-an ló ra ìwé Adùnní fún mi nígbà tí à ń fẹ́ra sọ́nà. Háà, Adùnní! Ọmọ ọdún 14, bàbá rẹ̀ fà á lé Mọ́rúfù onítakisí lọ́wọ́ nítorí owó ilé, síbẹ̀ kò yé sọ pé tíṣà lòun máa dà. Mo sunkún débi pé ojú mi wú.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi ò dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kí i, á ní "ẹ ǹ lẹ́ o, mà," bí ẹni ń kí àlejò. Ó kó gbogbo ìwé mi sínú àpò gaàrí, ó fi okùn so ó lẹ́nu, ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí èkúté ń gbé. Èyí tí n ò tíì ṣí rárá wà nínú ẹ̀! Ìyá ọkọ mi ò gbé ìpè mi mọ́. Àbúrò ọkọ mi ní ìwé ti yí mi lórí. Kí ni mo ṣe? Ìtàn lásán ni mo sọ. Ṣé ọkọ tiyín náà máa ń jowú ìwé ni?

Mọ́remí Ìkòròdú: Wọ́n ń jowú ẹ̀ dáadáa! Nígbà tí mò ń ka ìtàn Kóredé, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá àbúrò rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó bá pa, ọkọ mi ka ẹ̀yìn ìwé náà, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ òun á máa bu oúnjẹ òun fúnra òun. Ayọ̀ọlá, àbúrò náà, ni mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀, mi ò purọ́.

Bàbá Ìbejì: Kí ẹnì kan bi í bóyá ó ń dáná. Ẹ̀yin obìnrin ìwòyí, ẹ mọ orúkọ ọkọ inú ìwé ju ti ọkọ inú ilé lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Mo dáná, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja gbígbẹ ni mo gbé kalẹ̀ lánàá, ó tutù sórí tábìlì.

Tíṣà Àgbà: Ọmọ mi, ìtàn wo lo sọ? Ta lo sì sọ ọ́ fún? Nígbà tiwa, Àkàrà-ògún, ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ni gbogbo wa fẹ́ dà. Fágúnwà gbé ìwé yẹn jáde ní 1938, mo ṣì ń kà á sí àwọn ọmọ-ọmọ mi létí, kò sì dá ìjà sílẹ̀ rí.

Mọ́remí Ìkòròdú: Tíṣà, ẹ má bínú sà, iwin ni Àkàrà-ògún bá jà. Kò bá ìyá ọkọ gbélé rí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àbẹ̀kẹ́, ìtàn Bàbá Sẹ̀gi ni kó o fi bẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń gbé Ìbàdàn, tó máa ń bì bí ọkàn rẹ̀ bá ti dàrú. Ka ibi tí Bọ́láńlé ti wọlé bí ìyàwó kẹrin sí i létí, ẹ̀rín á pa á.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Yé! Kì í ṣe Bàbá Sẹ̀gi ni mo máa kà fún un nísinsìnyí o.

Tíṣà Àgbà: Ìtàn wo lo sọ?

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Ti Yéjídé inú ìwé Stay With Me ni, sà. Ìyá ọkọ mi ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn àǹtí ọkọ mi pé síbẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mò ń kà. Mo ní Iléṣà ni, ní nǹkan bí 1985, Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun, kò rọ́mọ bí, ìyá ọkọ rẹ̀ mú Fúnmi wọlé tì í. Mo sọ bó ṣe fa ewúrẹ́ funfun gun òkè lọ bá wòlíì, tí wọ́n ní kó fún ewúrẹ́ náà lọ́yàn. Gbogbo wọn ń pòṣé, ìyá ọkọ mi ń nu ojú. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Akin, ọkọ Yéjídé, ni wọ́n dákẹ́.

Adétutù: Ibi ọ̀rọ̀ Akin wo? Fúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níbi tí mo kà dé! Ẹ jọ̀ọ́ o!

Mọ́remí Ìkòròdú: Ìwé tó ti jáde láti 2017! Akúra ni Akin, òun ló bẹ Dòtun àbúrò rẹ̀ kó bá ìyàwó òun sùn. Ó tán.

Adétutù: Ọlọ́run á bi ọ́, Mọ́remí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ọ̀dàlẹ̀ ni Akin. Kò sí orúkọ mìíràn.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ tiẹ̀, bí Yéjídé náà ṣe sọ tirẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á, ìtìjú dè é lẹ́nu. Ohun tí mo sọ fún wọn nílé nìyẹn. Mo ní ọkùnrin bíi Akin pọ̀, ẹ má dá wọn lẹ́jọ́.

Tíṣà Àgbà: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mélòó lẹ bí?

Bàbá Ìbejì: Ó ti dákẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Ọdún kẹrin rèé, à ń retí ni, sà. Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. Mi ò dárúkọ ọkọ mi! Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà la gba èsì àyẹ̀wò, wọ́n ní àtọ̀ rẹ̀ ò tó. Kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Mi ò sì sọ ọ́. Òun ló fi àwo sílẹ̀ tó dìde jáde, ni gbogbo wọn bá ń wo ojú mi. Ṣé èmi ni mo ní kó dìde?

Mọ́remí Ìkòròdú: Yééè! Àbẹ̀kẹ́!

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mo sì ní kó o ka Bàbá Sẹ̀gi, tí òun náà ò lè bímọ, fún un! Ẹ forí jì mí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìbejì tó dé, èmi ni wọ́n bá àléébù lára mi. Iṣan kan ló wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró ẹpọ̀n, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Àtọ̀ tí kò tó kì í ṣe akúra, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ká ní ìyàwó mi jókòó láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dá irú mi lẹ́jọ́, n ò mọ̀ bóyá mo máa padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Má pe ìyá rẹ̀ mọ́ láti ṣàlàyé. Òun ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Mọ́remí Ìkòròdú: Èmi ò gbà. Kí ọkọ rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìpamọ́ ló ba ilé Akin jẹ́.

Bàbá Ìbejì: Madam, ara tìrẹ kọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé: Mo ti gbọ́. Màá bá a sọ̀rọ̀ bó bá dé. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín bú Akin.

Tíṣà Àgbà: Ta ló bi ọ́ léèrè Akin? Ọkọ rẹ là ń sọ. Má fi ìwé kankan ṣàpèjúwe o.

Adétutù: Ẹ kàn sọ fún mi, ṣé Yéjídé padà bímọ? Rárá, ẹ má dá mi lóhùn.