Ogún kọ́, ipasẹ̀ ni

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìjerò-Èkìtì dá àbá méjì fún àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí à ń ṣe: kí á fi "akànṣẹ́" rọ́pò "abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò", wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn gùn jù, àti pé bí a bá ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ẹni tó ti kúrò nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kí á máa pe ohun tó fi sílẹ̀ fún ayé ní "ogún". Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà tó gba bẹ́líìtì àgbáyé nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ.

"Akànṣẹ́" dára fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kan ẹ̀ṣẹ́, títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ekejì: a-bi-ẹ̀ṣẹ́, bí a ṣe ń sọ pé abẹ̀mí, tí ẹ̀ṣẹ́ náà sì ń kù bí òjò. Òjò tó ń kù kò tíì rọ̀, ìró rẹ̀ ti ń lé èrò wọlé. (Àwọn tó ń kọ ọ́ ní "kú" ṣì í kọ.) Oríkì ni. Ẹ jẹ́ kó gùn.

Ogún ni mi ò lè gbà. Nílẹ̀ wa, olóhun á kọ́kọ́ kú, ọmọ àti ẹbí á wá pín in, ní ìdí-igi (ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan lápapọ̀) tàbí ní orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀). Oko ṣeé pín, ilé ṣeé pín. Ta la fẹ́ pín ẹ̀ṣẹ́ Dick Tiger fún? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kúrò nídìí ẹ̀ṣẹ́ ṣì wà láàyè. Bí a bá ń pe iṣẹ́ wọn ní ogún, a ti sin wọ́n nìyẹn.

"Ipasẹ̀" ni mo fi síwájú yín. Ọdẹ ń tọ ipasẹ̀ ẹran nígbà tí ẹran ṣì ń rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nídìí ẹ̀ṣẹ́: Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Liverpool kí Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, tó dé ìlú kan náà ní 1955. Bassey na Cherif Hamia ní Paris ní 1957, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ní 1962, Dick Tiger gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Wọ́n ta ọ̀mì nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, Fullmer sì wá bá a ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn lóṣù kẹjọ 1963. Kò lè dìde fún abala kẹjọ.

Bàbá mi wọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ wo ìjà yẹn. Wọn kì í ṣe ẹbí Dick Tiger, wọn ò jogún kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n padà dé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fi apá òsì gbá ènìyàn. "Uṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń rìn," ni Bàbá máa ń sọ títí wọ́n fi darúgbó. Ohun tó bá ń rìn, ipasẹ̀ ló ní.

Ipasẹ̀ kò sì bo ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Dick Tiger borí nígbà 60, ó fìdí rẹmi nígbà 19, ó ta ọ̀mì 3. Bob Foster lù ú dákú ní abala kẹrin ní 1968, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun Biafra. Gbogbo èyí la gbọ́dọ̀ wò kí á tó dá a lẹ́jọ́, kò sì sí èyí tí "ogún" lè gbé nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé ó "fẹ̀yìntì". Èkìtì kún fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Wọ́n ní owó oṣù kan tí wọ́n fẹ̀yìn tì, bó tilẹ̀ kéré. Lẹ́yìn ìjà tó jà kẹ́yìn ní 1970, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni Dick Tiger ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó dá a padà sílé. Ó kú ní Aba lóṣù Kejìlá 1971, ní ọmọ ọdún 42. Kí ló fẹ̀yìn tì? Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ó "bọ́ ìbọ̀wọ́".

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú níbẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ kò bá fi àmì sí i, "ìbọ̀wọ́" lè di "ìbọ̀wọ̀", yóò wá dà bíi pé ọkùnrin náà bọ́ ọ̀wọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó kí á tó fi sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.