Ẹ sọ ìrírí yín: kíndìnrín àgbàlagbà àti ẹran inú ọbẹ̀

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín bàbá mi, ẹni ọdún 76, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹnì kan nínú ẹbí ní ẹran ló fà á, a sì gba ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà lẹ́nu wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n jẹ fún oṣù mẹ́rin, títí ṣòkòtò fi ń já bọ́ nídìí wọn, tí wọn kò sì lè dìde lórí àga àfi tí a bá fà wọ́n. Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni?

Àbúrò Ìlọrin: Tiwa burú díẹ̀ sí i. Dókítà ní kí màmá mi, tí wọ́n wọn kílò 60, máa jẹ amáradàgbà (protein, èròjà inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà) giráàmù 48 lóòjọ́, ìyẹn giráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Mo ra òṣùwọ̀n, mo sì ń wọn ẹja giráàmù 48 fún wọn, kò lé, kò dín. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnì kan tó là mí lọ́yẹ̀ pé ìwọ̀n ẹja kọ́ ni ìwọ̀n amáradàgbà inú rẹ̀, pé nǹkan bí giráàmù 20 sí 25 péré ló wà nínú ẹja sísè giráàmù 100. Láti ọjọ́ kejì ni màmá ti ń sọ pé ahun ni òṣùwọ̀n mi.

Ìyàwó Olóko: Òṣùwọ̀n ahun! Ẹyin ni èmi fi ṣe tèmi, láìmọ̀ pé giráàmù mẹ́fà péré ló wà nínú ẹyọ kan.

Aláròyé: Ẹ dákun, ta ló ní ẹran ló ń ba kíndìnrín jẹ́? Bàbá tiwa kì í jẹ ẹran púpọ̀. Oògùn orúnkún ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, wọ́n á sì tún fi àgbo lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, oògùn ìrora náà sì ń dá kún un. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀yìn, àpọ̀jù amáradàgbà ni à ń dín kù. A kì í gba gbogbo rẹ̀, nítorí pé ara tí kò rí i jẹ yóò padà sórí ẹran ara tirẹ̀. Inú iṣan ni creatinine, ìdọ̀tí tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ti ń wá, nítorí náà, tí àgbàlagbà bá rù, iye náà lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín sàn.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Háà! Ó wálẹ̀ lóòótọ́, a tilẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Àdùkẹ́: Ọkọ mi kò jẹ́ gbàgbé. Ọdún méjì ni àwọn dókítà fi ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n dín amáradàgbà kù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn dókítà náà ní kí wọ́n máa jẹ ẹja àti ẹyin dáadáa, torí pé ẹ̀rọ náà ń fọ díẹ̀ lára rẹ̀ dànù. Ọkọ mi rò pé àwọn dókítà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Aláròyé: Pọ̀nmọ́ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Amáradàgbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Kò lè dípò ẹja.

Aláròyé: Bàbá bàbá mi jẹ pọ̀nmọ́ títí wọ́n fi lé ní 90.

Ìyàwó Olóko: Ṣé pọ̀nmọ́ nìkan ni wọ́n jẹ, àbí ẹ ti gbàgbé gbẹ̀gìrì tí wọ́n fi ń jẹ àmàlà?

Ọmọ Ọ̀yọ́: Bàbá mi jókòó tì mí, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Wọ́n ní kí n bi Nọ́ọ̀sì Àgbà bóyá a óò ka orí ẹja mọ́ ohun tí a óò máa wọ̀n.