Ẹsẹ̀ màmá mi ń ta bí abẹ́rẹ́: ṣé àyẹ̀wò MMA ló kàn ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi, ẹni ọdún 67, ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà láti bí ọdún 9. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń ta bí abẹ́rẹ́. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò ní mọ̀. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe àwọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

A ti fi òróró pa á títí. Mo ra folic acid fún wọn, àfi ìgbà tí mo kà á pé ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kí iṣan ìmọ̀lára sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ bí fítámì B12 ò bá tó. Àyà mi já! Metformin náà sì máa ń dín B12 tí ara ń gbà kù. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: B12 jẹ́ 240 pg/mL, kò kúkú lọ sílẹ̀ pátápátá, kò sì fini lọ́kàn balẹ̀.

Bó ṣe yé mi, énsáìmù kan wà tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí B12. Bí B12 bá dín, methylmalonic acid, ìyẹn MMA, á gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀; òun ni àyẹ̀wò MMA máa ń wò. Ṣùgbọ́n kídìnrín wọn ò dá ṣáṣá, ìyẹn náà sì lè mú MMA ga. Àyẹ̀wò ọ̀hún tún wọ́n.

Ṣé ká kọ́kọ́ ṣe é ni, àbí ká bẹ dókítà kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12 lójú ẹsẹ̀?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.