Iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n n'Ìjẹ̀bú-Òde: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ló sì kù lẹ́yìn búrẹ́dì Kérésì?

Ìyá Ìjọ Mọlípa
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa n'Ìjẹ̀bú-Òde ti pinnu pé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n la ó máa fi owó ìdáwó oṣooṣù wa ṣe. Ọgbà tó wà nílùú yìí ló wà lọ́kàn wa. Bí agbára bá ká a, a ó fi ti Ṣàgámù kún un. Títí di ìsinsìnyí, búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá ni ìjọ máa ń kó lọ nígbà Kérésì. Wọ́n á kọrin, wọ́n á ya fọ́tò níwájú géètì, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ìyẹn ò tẹ́ wa lọ́rùn mọ́. "Mo wà nínú túbú, ẹ̀yin sì tọ̀ mí wá" ni Olúwa wí nínú Mátíù 25, kò wí pé a fi nǹkan ránṣẹ́ sóun. Báwo lèèyàn ṣe ń gba àṣẹ wọlé? Kí ni wọ́n á gbà, kí ni wọ́n á dá padà? Àwọn tó ń jáde ńkọ́, àti ìyàwó àtọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀? Obìnrin mẹ́rìndínlógún ni wá, owó wa ò pọ̀.

Akọ̀wé Ìránṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Lẹ́tà ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ìjọ, kí pásítọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso ọgbà náà. Bó bá jẹ́ pé oṣooṣù lẹ ó máa wá, òun náà ló máa sọ bóyá lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Kọ̀ńtírólà ìpínlẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀, ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an. Ẹ má sì kọ "Nigerian Prisons Service" mọ́ o. Láti 2019 ni òfin ti sọ ọ́ di Nigerian Correctional Service.

Ẹni méjì lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú nínú ọgbà: òṣìṣẹ́ tó ń rí sí wẹ́fíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àti àlùfáà ọgbà. Ẹ bi àlùfáà pé àwọn ìjọ wo ló ń wá lọ́jọ́ wo. Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ayé máa ń ya lọ, tí ọjọ́ Túsìdeè á sì ṣófo gbáú. Ẹ mú ọjọ́ tó ṣófo. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín ara yín sí ẹni mẹ́rin mẹ́rin, kí àwọn mẹ́rin kan náà sì máa lọ fún oṣù mẹ́fà gbáko kí ẹ tó pààrọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kì í sọ tinú rẹ̀ fún ojú tuntun, ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ní géètì: fóònù, báàgì àti owó, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti ológun. Lẹ́tà kankan ò gbọ́dọ̀ bá yín jáde tí wẹ́fíà ò rí, bó ti wù kí ẹni náà bẹ̀ yín tó. Ìránṣẹ́ tó jọ ìkíni lásán lè jẹ́ ìhàlẹ̀ sí ẹlẹ́rìí, ọjọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn máa tì mọ́ gbogbo ìjọ yín.

Ohun tí wọ́n á dá padà: ohunkóhun tó jẹ́ ìgò, agolo, bíléèdì, bẹ́líìtì, lọ́fínńdà, ọtí àti sìgá. Oògùn ò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kílíníìkì ọgbà ni kó gbà á. Bó bá jẹ́ oúnjẹ sísè, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbà á, níbi tí wọ́n bá sì ti gbà á, ẹni tó gbé e wá ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kí ẹ fún sítóò ní oúnjẹ tútù ló dára jù, pẹ̀lú ìwé méjì tí ẹ̀yin àti wọn jọ fọwọ́ sí. Kílò ìrẹsì kan á yó àgbàlagbà mẹ́fà sí méje, nítorí náà àpò 50 kílò á tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún abọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló sùn mọ́jú lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ fi mẹ́wàá kún ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Bí ọṣẹ bá ku márùn-ún kó tó kárí, ìjà lẹ rà wọlé yẹn. Ẹ má sì kó o jọ fún olórí yàrá pé kó bá yín pín in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò, kí ọwọ́ yín fi lé oníkálukú lọ́wọ́, kó lè dé ọ̀dọ̀ aláìlera àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ kúrúnà: inú yàrá tí èèyàn ti há mọ́ra, bí ẹ bá tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo, á tún kó o padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ fi oògùn para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ìbora, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n sì tún oògùn náà lò bí kílíníìkì bá ṣe là á kalẹ̀. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ọgbà ṣírò iye oògùn fún yàrá kan lódindi, kí ẹ parí yàrá yẹn kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn.

Bí obìnrin bá wà níbẹ̀, páádì, pátá àti ọṣẹ ìfọmọ ló ṣáájú Bíbélì tuntun. Wọn kì í lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ọmọ Kóòtù
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Akọ̀wé sọ, àmọ́ ibi tí obìnrin mẹ́rìndínlógún ti lè ṣe ohun tí owó ńlá ò lè ṣe ni ìwé. Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń retí ẹjọ́ ni. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí kóòtù sún ẹjọ́ wọn sí.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kí ẹ ran òun lọ́wọ́, ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé kóòtù (kì í ṣe ìnagijẹ o), nọ́ńbà ẹjọ́, kóòtù wo, ẹ̀sùn wo, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọjọ́ tó lọ kóòtù kẹ́yìn, ọjọ́ tó ń bọ̀, bóyá ó ní lọ́yà, àti mọ̀lẹ́bí kan tí a lè rí. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé nínú ọgbà lè fìdí èyí tó pọ̀ jù múlẹ̀. Láàárín oṣù méjì ẹ ó ti mọ ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọnù, ẹni tí ọlọ́pàá tó mú un ti kúrò ní tẹ́ṣàn yẹn, àti ẹni tí májísíréètì rán lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn tí kóòtù tirẹ̀ kò lágbára láti gbọ́, tí wọ́n sì ń retí ìmọ̀ràn láti Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ l'Abẹ́òkúta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dúró kó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ lé fáìlì náà. Ẹ kó àkọsílẹ̀ yín lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà láṣẹ láti bẹ ọgbà wò, kó dá ẹni tí wọ́n dè láìtọ́ sílẹ̀. Bí irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, àkọsílẹ̀ yín á wúlò gan-an.

Bí ẹ bá pàdé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún láàárín àgbàlagbà, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ wá ìwé ìbí rẹ̀. Bí kò bá sí, ìwé ìrìbọmi tó wà nínú ìjọ tàbí àkọsílẹ̀ ilé ìwé lè ran lọ́yà lọ́wọ́ láti fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Bọ́sítà Adigbẹ l'Abẹ́òkúta, ọgbà ìtúnṣe àwọn ọ̀dọ́, wà fún ọmọkùnrin láti ọdún mẹ́rìndínlógún títí wọ́n fi máa pé mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n kóòtù ló máa ń dárí ẹni síbẹ̀.

Owó ìtanràn wá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ ṣe é létòlétò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì ìwé wò ó bóyá ẹjọ́ mìíràn tún dì í mú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣìnà: wọ́n á san owó tán, géètì ò ní ṣí, nítorí wáráǹtì kejì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù, kó sọ iye rẹ̀ gan-an, àti bóyá owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àpò ìjọba ni kí ẹ san án sí ní báǹkì, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí orúkọ ẹlẹ́wọ̀n náà sì wà lórí rìsíìtì. Ẹ mú rìsíìtì padà kí wọ́n kọ ìwé ìdásílẹ̀, kí májísíréètì fọwọ́ sí i, kí ẹ wá gbé e lọ sí ọgbà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdeè. Bí ìbuwọ́lùwé bá kù sílẹ̀, ó di Mọ́ńdè nìyẹn.

Ìyá Ìjọ Mọlípa
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù sí i. Ọmọ Kóòtù, béèlì ńkọ́? Àwọn arábìnrin méjì ti ní àwọn á máa ṣe onídùúró.

Ọmọ Kóòtù
Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dá wọn dúró ná. Onídùúró ti tọwọ́ bọ̀wé pé bí ẹni náà bá sá lọ, òun lòun máa san iye tó wà lórí béèlì. Ó lè ná wọn ní ilé. Kó tó ṣe é, ó gbọ́dọ̀ mọ ilé àti ẹbí ẹni náà, kó sì lágbára láti mú un dé kóòtù ní gbogbo ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ má sì gba àwọn tó máa ń dúró lẹ́bàá ọgbà kóòtù pé àwọn á ṣe onídùúró fún owó: bí ìwé wọn bá já sí ayédèrú, wọ́n á gbé ẹni yín padà sínú. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí lọ́yà bẹ kóòtù pé kó dín béèlì kù sí ohun tí ẹbí lè ká. Ilé ni kí ẹ ti wá onídùúró. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, regbéregbé bàbá rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, máa ń mọ ẹni tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, bó bá sì jẹ́ ìlú kékeré, baálé àdúgbò.

Ará Òpópó Ṣàgámù
Ẹ jẹ́ n sọ ti ìjáde àti ti ilé, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tókù ti ń bàjẹ́.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìjáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa gbà á sílé? Ẹ lọ sílé náà fúnra yín, ẹ má fi fóònù ṣe é. Bí ẹbí bá kọ̀ ọ́, ẹ bèèrè ìdí. Nígbà mìíràn ìbẹ̀rù ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni, tó ń gbé ládùúgbò kan náà. Baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ má sáré kó àwọn méjèèjì jókòó. Àgbà kan tí tọ̀tún-tòsì bọ̀wọ̀ fún ni kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kó gbọ́ tirẹ̀ tán, kó bi í ohun tó máa fi í lọ́kàn balẹ̀. Bó bá ní òun ò fẹ́ rí i sójú rárá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ wá ibòmíràn fún ọmọ yín, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìpẹru tàbí àbúrò rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè.

Lọ́jọ́ ìjáde gan-an, kí ẹnì kan dúró sí géètì. Owó ọkọ̀, aṣọ kan tó bójú mu, sálúbàtà, fóònù kékeré tó ní síìmù, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú náà sábà máa ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ gba ìwé láti kílíníìkì ọgbà lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibi tó ń lọ, kí ẹ sì tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹni tó bá já oògùn náà lágbede méjì, àìsàn náà lè gbó sí i lára débi tí oògùn yẹn kò ní ràn án mọ́, á sì kó ran ọmọ tó wà nílé.

Lórí iṣẹ́, ẹ má fún un lówó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́. Gbèsè àti ẹbí ló máa gbé e jẹ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí kílípà, ẹ san owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́fà fún onílé fúnra yín, kí ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tó gbà nínú ọgbà sì wà lára ògiri, láìjẹ́ pé ibi tó ti gbà á wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ gàrí ni, ẹ kọ́kọ́ fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀pákí àti ibi ìfún, kí ẹ má ra ẹ̀rọ fún ẹni tí kò tíì mọ ibi tí pákí ti ń wọ́n àti ìgbà tó ń pọ̀.

Àwọn tó wà nílé. Wọ́n rán Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963, ó sì di Oṣù Kẹjọ 1966 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Oṣù Keje 1963, nígbà tí bàbá ṣì wà ní àtìmọ́lé; ìyá ló di ilé mú. Bí èyí bá lè bá ilé olówó àti olókìkí, ẹ rò ó wò fún ìyàwó tó ń ta ọsàn ní gáréèjì. Ẹ ṣe é bí àṣírí: owó ilé ìwé tààrà sọ́dọ̀ búsà, láìdárúkọ ohun tó fà á. Ẹ bi ìyá ohun tó ti sọ fún àwọn ọmọ, kí ẹ má ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ sì ran bàbá lọ́wọ́ láti kọ káàdì ọjọ́ ìbí fọ́mọ rẹ̀, kí wẹ́fíà wò ó, kí ẹ bá a gbé e dé ilé.

Dékọ́nì Ìlíṣàn
Mo ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sórí pẹpẹ kó wá jẹ́rìí. Ìjọ á pariwo "Halleluyah", ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà "ẹlẹ́wọ̀n yẹn" ni orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ Fílémónì pé kó gba Ónẹ́símù, ẹrú rẹ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, bí arákùnrin àyànfẹ́, lẹ́tà ló fi ránṣẹ́, kò pe ìpàdé ìlú lé e lórí. Ẹ fi ẹni náà sẹ́gbẹ́ akọrin tàbí àwọn tó ń to àga, kó jókòó láàárín èèyàn. Bí owó bá máa ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹni méjì máa kà á, kí ẹ sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún gbogbo wa.

Ìyá Ìjọ Mọlípa
A ti ra ìwé àkọsílẹ̀, lẹ́tà á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn: àwọn Mùsùlùmí ńkọ́, àti àwọn tí ẹbí wọn kò sí nílẹ̀ yìí, bí àwọn ará Àríwá àti Kùtọnu?

Ará Òpópó Ṣàgámù
Ọṣẹ, páádì, oògùn àti ìwé ẹjọ́ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹ má so ìsìn mọ́ ọn. Ìsìn yín wà fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó. Fún àwọn ará Àríwá, ẹ lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Hausa níbí. Ẹ bèèrè Sẹ́ríkí, olórí wọn, ẹ fún un lórúkọ ẹni náà àti ìlú rẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ á gbé ìròyìn dé ilé. Fún ará Kùtọnu, kí wẹ́fíà kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó gbọ́ Ègùn tàbí Faransé tó máa bá a dé kóòtù, torí ó lè gbà pé òun jẹ̀bi láìgbọ́ ohun tí wọ́n kà sí i létí. Ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ má fi í sí ọjọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá. Mọ́tò tó kó ìrẹsì yín ò ní ríbi gbà.