Ta ló ti gbin marúgbó sí ẹ̀yìnkùlé rí ní Ilé-Ifẹ̀?

Ìyàwó Pàràkìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé Ifẹ̀. Efínrín, ewúro àti gbúre kún ẹ̀yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n marúgbó, ewé tí a fi ń se ọbẹ̀ dúdú nílé wa, lọkàn mi ń fà sí. Bí mo bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Odò-Ògbé, wọ́n á ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó bá ń ti Okítìpupa bọ̀ ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi já a dání, kó sì tó dé ibí, ìdajì ewé náà á ti rà. Ewé díẹ̀ ò sì lè se ọbẹ̀ yẹn. Bí ọbẹ̀ marúgbó ò bá dú dáadáa, ìyá mi á ní ewédú ni mo sè.

Àbúrò mi ti ṣe tán láti fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé kí n gbìn ín sáàárín efínrín, níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àbí sábẹ́ igi píà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ìyá ọkọ mi ní ibi tí efínrín bá ti ṣe dáadáa, kò sí ewé tí kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. N kò fẹ́ bá màmá jiyàn lọ́wọ́ òfo. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù October la sì wà yìí.

Alágbo Odò-Ògbé:
Ìyàwó wa, ẹ kú àárò ilé. Òótọ́ ni, kì í ṣe ewé ọjà wa. Àwọn tó ń ti ọ̀nà Oǹdó bọ̀ ló máa ń gbé e wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ màmá o. Ilẹ̀ tó ti gba ìgbẹ́ adìẹ, ewé wo ló máa kọ̀ ọ́?

Ọmọ Okítìpupa:
Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá, ṣùgbọ́n abẹ́ píà ni. Ìtàkùn ni marúgbó, kì í dá dúró bí efínrín. Inú igbó tí wọ́n ti ro rí tó tún ti ń dì padà la ti ń já a, níbi tí oòrùn ti ń yọjú láàárín ewé. Ó máa ń gun igi, ó sì lè ga tó mítà mẹ́ta. Tí ẹ bá gbé e sáàárín oòrùn gbangba kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ máa fi omi bọ́ ọ títí á fi sú yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko, OAU:
Màmá ò kúkú jìnnà sí òótọ́. Ẹbí kan náà ni efínrín àti marúgbó, Lamiaceae. Clerodendrum volubile lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Verbenaceae ni wọ́n ń kà á mọ́ tẹ́lẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó yí i padà. Ṣùgbọ́n igi tíìkì náà wà nínú ẹbí yìí. Ẹ bi màmá bóyá wọ́n máa gbin tíìkì sáàárín efínrín.

Ẹ̀gbọ́n Lágerè:
Ẹ̀rín pa mí! Ṣé òun kọ́ ló wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò wa? Ìtàkùn ni, òdòdó rẹ̀ funfun, pupa ń yọ láàárín rẹ̀. Mo lè bá yín gé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko, OAU:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gé e o! Ìbátan rẹ̀ nìyẹn, Clerodendrum thomsoniae. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni òun náà ti ṣẹ̀, àmọ́ ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe ọbẹ̀. Ti marúgbó, òdòdó wẹ́wẹ́ funfun ni, kò sí pupa yẹn níbẹ̀. Ẹni tó ti ń já a láti kékeré ni kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé tí ò bá dá yín lójú, ẹ má sè é.

Ọmọ Okítìpupa:
Ẹ sọ fún àbúrò yín kó má gé ọ̀mùnú tó rọ̀, kó má sì gé èyí tó ti gbó di igi. Àárín méjèèjì ló ń ta gbòǹgbò. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta, ó kéré tán. Kó gé ìsàlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó gé òkè lọ́gbọọgba, kẹ́ ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín. Kó já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kó gé ti òkè sí ìdajì, kó fi aṣọ tútù di ìdí wọn, kó sì wé náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Kó bẹ awakọ̀ kó má tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì o, nítorí láti Ọ̀rẹ̀ dé Oǹdó, kó tó kan Ifẹ̀, ooru ọkọ̀ nìkan tó láti se ewé náà.

Bàbá Olóko Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ibi tó máa gbìn ín sí, ẹ ò sọ̀rọ̀ ìgbà. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọyẹ́ ń bọ̀. Ìyàwó wa, ẹ má fi ẹ̀ka tútù kan ilẹ̀ báyìí. Àpò náílọ́ọ̀nù dúdú ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, kí iyẹ̀pẹ̀ òkè ilẹ̀ àti yanrìn pọ̀ níbẹ̀ ju ìgbẹ́ adìẹ lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà máa jó gbòǹgbò kéékèèké. Ẹ gé ìdí ike omi ńlá, ẹ fi dé ẹ̀ka náà mọ́lẹ̀. Ẹ máa ṣí ọmọrí òkè rẹ̀ láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Bí omi bá ń kán sí ara ike nínú, ẹ má tíì bomi rin ín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kó wà títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sábẹ́ píà, kẹ́ ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ: ẹ̀ka lè rúwé kó má tíì ní gbòǹgbò kankan. Ẹ má torí ewé tuntun fà á wò.

Ìyàwó Pàràkìn:
Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ka ọ̀rọ̀ tíìkì sétí màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ́ kí ìtàkùn náà fún píà àwọn pa. Ṣé ó lè fún un pa? Àti pé ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí já a?

Ọmọ Okítìpupa:
Kò ní fún un pa tẹ́ ẹ bá ń já a. Ẹ ri òpó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ta okùn sí i, kó máa gun ìyẹn dípò píà. Bó bá ti yọ ẹ̀ka mẹ́ta sí mẹ́rin tó ń lọ sókè, ọ̀mùnú ni kẹ́ ẹ máa já, á sì máa pẹ̀ka sí i. Ẹ má ṣí gbogbo ewé kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé àlejò dé. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ní gééètì?

Ìyàwó Pàràkìn:
A ní gééètì. Ẹni tó máa ń tì í ni ò sí.

Alágbo Odò-Ògbé:
Ẹ tì í o! Mo fẹ́ rí marúgbó yẹn lórí àtẹ mi. Tó bá ti pọ̀, ẹ wá bá mi, ẹ kàn má bá mi ná an bí ará Èkó.