Ìforígbárí kọ́, ìkojú ni

Ọ̀kín kọ̀wé pé:

Ẹ̀yin ará, ẹni tó tú ìwé ìtọ́ni eré bàálù ogun orí kọ̀ǹpútà pe kíkọlu bàálù ajubọ́ǹbù láti iwájú ní "ìforígbárí". Ta ló fẹ́ forí gbá orí ta? Gbogbo ọgbọ́n inú ọ̀nà yẹn ni pé kí orí má kan orí. B-17, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, ń bọ̀ ní nǹkan bí 290 kìlómítà ní wákàtí kan, Focke-Wulf 190, bàálù ìjà Jámánì, ń lọ pàdé rẹ̀ ní 500. Ìyẹn ni pé mítà 220 ló ń tán láàárín wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn ní mítà 600, tí ẹ sì fẹ́ yà ní 200, àáyá méjì ò pé. Ẹni tó bá dúró wo bí ọta rẹ̀ ṣe ń bà á ló máa forí gbárí lóòótọ́.

Àwọn ará Jámánì gan-an ya méjèèjì sọ́tọ̀. Egon Mayer, awakọ̀ bàálù ìjà wọn kan, wà lára àwọn tó dá kíkọlù láti iwájú sílẹ̀ ní ìparí 1942, torí ìbọn iwájú B-17 ìgbà náà kò tó nǹkan. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1945 ni ti ìforígbárí, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn Bf 109, bàálù ìjà wọn mìíràn, lọ fi ara gbá bàálù ajubọ́ǹbù. Bí ẹ bá ti ná ọ̀rọ̀ náà sórí ti àkọ́kọ́, kí lẹ máa pe ìkejì?

"Ìkojú" ni tèmi. "Kò" inú "mo kò ó lọ́nà" ló wà níbẹ̀. Ó bọ́ ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi ti ojúkojú. Ẹ má fi àmì sábẹ́ o yẹn o! Èèyàn lè kọjú sí bàálù láti kìlómítà márùn-ún kó má rí nǹkan kan ṣe.

Àwòdì fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjòyè méjì bá forí gbárí, ta ló ń wá egbò lórí wọn? Ìkojú yín náà kò sọ nǹkan kan nípa òkè. Ẹni tó bá wá gbọọrọ níwájú B-17G, irú B-17 tó dé lẹ́yìn, ìbọn méjì tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nítorí irú wa ni yóò bá pàdé. Ẹ fi mítà 1,000 ga jù ú lọ, ẹ ṣíwájú rẹ̀, ẹ dorí kodò kí ẹ tó fa bàálù tiyín wálẹ̀. Bí ẹ bá kàn ti imú bàálù mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya sójú, imú náà á sì bo ohun tí ẹ ń lé. Ìdí apá, níbi tó ti so mọ́ ara, ni kí ẹ fojú sun. Ẹ gba abẹ́ ìrù rẹ̀ jáde; ẹni tó bá fa bàálù rẹ̀ sókè níbẹ̀, eré rẹ̀ á rọ, ìbọn ìrù á gbà á. Ìjáṣòòrò ni mo pè é.

Àbí kí ni "ko" inú dorí kodò, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ó kò odò lọ́nà ni?

Ọ̀kín:

Ìjáṣòòrò dùn, mo gbà. Ti kodò, a ó padà sórí rẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ sínú ìtọ́ni pé apá B-17 fẹ̀ tó mítà 31.6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Spitfire, bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì, lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ Spitfire á rò pé òun ti dé mítà 300, kó sì jẹ́ nǹkan bí 850 ló wà. Ìbọn 30 mm inú Bf 109 K-4 kò ní ju ọta 65 lọ, àáyá mẹ́fà ló fi ń tán, ọta náà kì í sì í yára, ó ń tẹ̀ wálẹ̀ ni. Mẹ́ta sí mẹ́rin tó bá bà tó, bí ẹ kò bá ti dà á nù lọ́nà jíjìn.

Lékelèke:

Ẹ ń jà lórí ko, "bọ́ǹbù" jókòó síbẹ̀ ẹ ò rí i. Àdó olóró làwọn àgbà wa pè é! Wọn kì í sì í jù ú, dídà ni wọ́n ń dà á. Adàdó ni bàálù yẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ti àdó ni, kì í ṣe ti dà.

Àwòdì:

Adàdó! Ẹni tó bá ṣi ohùn pè, ó di àdádó nìyẹn. Àdádó gan-an sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lé: èyí tó já sẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìbọn àwọn yòókù kò bò mọ́. Ẹ̀gbọ́n, kodò ńkọ́?